Ẹni Tó Ń Pe Àsìkò Lórí Òkè Kannakánná

Tí ẹ bá wá síbi ìdíje ẹgbẹ́ síkì wa ní abúlé Svartlia, níbi tí a ti ń fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ àti ọ̀pá méjì lọ́wọ́ sáré lórí yìnyín, ẹ ò ní rí Halvdan Lislerud. Èmi Borghild lẹ máa rí, torí èmi ni mò ń dín wáfù, àkàrà pẹlẹbẹ tó dùn, lẹ́nu ọ̀nà ahéré ẹgbẹ́, ẹnu mi kì í sì í dúró. Ẹ máa rí àwọn òbí tí wọ́n ń pariwo "ó dáa, ó dáa, o ti sún mọ́ wọn" fún gbogbo ọmọ tó bá ń kọjá, ìbáà ṣe ẹni àkọ́kọ́, ìbáà ṣe ẹni ìkẹyìn. Ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti yunifásítì, tí wọ́n wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń fi ìda pa ìsàlẹ̀ síkì wọn, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí yìnyín bí ẹni ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Halvdan ò sí níbẹ̀. Ó wà lókè lọ́hùn-ún, lórí Òkè Kannakánná, níbi tó jìnnà jù lójú ọ̀nà eré, láàárín àwọn igi páìnì, òun nìkan, pẹ̀lú fúláàsì kọfí àti aago eré kan tó so kọ́ ọrùn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń dúró síbẹ̀. Látìgbà náà, kò rí ibi ìparí eré mọ́. Tí wọ́n bá ń kan sáárá sí ẹni tó borí nísàlẹ̀, ariwo yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn pátápátá yóò fi kọjá, kódà tó bá jẹ́ ọmọ tó ti ń sunkún, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nígbà tí gbogbo wa ti ń palẹ̀ mọ́. Ó máa ń dé nígbà tí wáfù bá ti tán. Mo máa ń fi méjì pamọ́ fún un. Á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, á ní "ó ṣé", á sì máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe lókè yẹn. Nínú eré tiwa, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbéra. Ẹnì kan lọ, ààbọ̀ ìṣẹ́jú kọjá, ẹni kejì tẹ̀lé e. Tó o bá wọ inú igbó báyìí, ìwọ nìkan ló kù. O ò mọ̀ bóyá ò ń borí ni o, àbí wọ́n ti fi ọ́ sẹ́yìn tipẹ́, àfi tí ẹnì kan bá dúró lójú ọ̀nà tó ń fi aago wò ọ́, tó sì pè é fún ọ bó o ṣe ń kọjá. "Mẹ́ta níwájú." "Mẹ́wàá lẹ́yìn." Ìṣẹ́jú àáyá ló ń kà. Ohun tó bá pè náà lo máa gbà, torí kò sí ẹlòmíràn tó o fẹ́ bi. Iṣẹ́ Halvdan nìyẹn.

Kì í kúkú ṣe òun ló yan òkè yẹn. Ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí tẹ́lẹ̀, nítòsí ahéré. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í ní ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn lọ́dọ̀ wa, gbogbo wọn ló ń gba àmì ẹ̀yẹ kan náà, kí ọkàn ọmọ má baà bà jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan tó rẹ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀ bi Halvdan pé ṣé òun lòun kẹ́yìn. Halvdan wo aago, ó wo ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ lo kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n apá rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ọmọ yẹn ní ó ṣé, ó ń bá eré rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ló bú sẹ́kún. A fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣèpàdé.

"Halvdan," alága ìgbà náà wí, "ṣé o ò lè máa sọ nǹkan tó dùn létí ni?"

"Ó bi mí ni."

"A mọ̀ pé ó bi ọ́. O ò wá lè sọ pé ó ń gbìyànjú?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní apá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Òtítọ́ korò, pàápàá lẹ́nu ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣúgà sí i. Wọ́n ní kó lọ máa dúró lórí Òkè Kannakánná, níbi tí eré àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í dé. Wọ́n rò pé àwọn fìyà jẹ ẹ́ ni. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń sáré gidi fi rí i pé nínú gbogbo ẹni tó ń pariwo lójú ọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó í gbára lé. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn pàápàá á máa bi í bó ṣe ń gun òkè, Halvdan á sì dá a lóhùn, torí àṣà wa ni pé ẹni bá bèèrè àsìkò, a ó fún un. Nínú ahéré mi, mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn eré. "Kí ni Halvdan pè?" Tí wọ́n bá ti sọ ohun tó pè, àríyànjiyàn parí.

Agégi ni. Bàbá rẹ̀ náà gégi. Ọwọ́ rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Oddny ìyàwó rẹ̀ wá láti etíkun, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀, òun ló sì ń gbẹnu àwọn méjèèjì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé. Tí mo bá pè wọ́n wá jẹun, Oddny á sọ pé, "Halvdan ní oúnjẹ yìí dùn," Halvdan á sì mi orí. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bímọ. Nígbà tí Ingjerd wá dé, Oddny ò rí i pẹ́. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ mú un lọ nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Látìgbà yẹn ni ilé Lislerud ti dákẹ́ pẹ̀lú baálé rẹ̀.

Mo gbà pé ó gbìyànjú. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọbìnrin. Okùn tó fi ń wọ́ igi ló fi kọ́ ọ, ó so ó mọ́ ìdí àga ní pálọ̀, ó ń dì í, ó ń tú u. Mo wọlé bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà mi fi dùn mí, kò bínú. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà lọ síléèwé pẹ̀lú irun tó le dan-in dan-in, tí ìjì kankan ò lè tú. Ọ̀dùnkún àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀rọ̀ yìnyín ni wọ́n ń sọ: ó ti le, ó ti rọ̀, ìda wo ló yẹ ká lò. Ìyẹn náà ni ìfẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ láti ìta á rò pé ẹni méjì tó ń ta ìda ni.

Ingjerd dàgbà di ẹlẹ́sẹ̀ eré. Kò ga, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ gùn. Àléébù kan ló ní, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n: tó bá ti gbọ́ pé òun wà níwájú, á rọra. Á máa wo igi. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ pé wọ́n fi òun sẹ́yìn, ẹ yà fún un lọ́nà. Kì í sì í ṣe eré nìkan ló wà lórí rẹ̀. Òkúta ló fẹ́ràn. Gbogbo ojú fèrèsé ilé wọn kún fún òkúta tó ṣà bọ̀ láti etí odò, ó sì fẹ́ lọ kọ́ nípa wọn ní yunifásítì. Ó ti parí iléèwé, ó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìdánrawò, ó ń dúró de ọ̀nà.

Ọ̀nà wá là lóṣù kejì ọdún. Kóòṣì kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Whitcomb, wá láti yunifásítì kan ní àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti pọ̀ bíi tiwa. Ẹgbẹ́ síkì yunifásítì náà ń wá ọmọbìnrin kan ṣoṣo sí i. Tí wọ́n bá mú ọ, wàá máa sáré fún wọn, àwọn náà á sì kọ́ ọ ní ohun tó o bá fẹ́ kọ́. Ẹni méjì ló rí tó wù ú: Ingjerd tiwa, àti Runa Vikset, ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lódì kejì odò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni àwọn méjèèjì ti ń lé ara wọn, tí ọ̀kan bá borí lónìí, èkejì á borí lọ́la. Whitcomb ní òun ò lè máa fi wọ́n wé ara wọn mọ́. Ẹni tó bá ṣáájú èkejì níbi eré ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ní Svartlia, òun lòun ń mú lọ.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, Ingjerd wá bá mi ní ahéré, níbi tí mo ti ń fọ irin wáfù. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ògiri.

"Àǹtí Borghild, tí mo bá pàdánù lọ́la ńkọ́?"

"Wàá jẹ wáfù. Tó o bá borí náà, wàá jẹ ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó máa bú mi, àbí? Runa mọ̀ ọ́n sá."

Mo gbé irin sílẹ̀. Mo ti dàgbà ju kí ọmọdé máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi lọ. "Ingjerd, kí ló wà nínú ẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "Ta ló máa bá a jẹun?"

"Ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ."

"Ṣé ó ti sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́ kó o lọ ni?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ẹ ẹ̀ mọ̀ ọ́n ni? Ó kàn ń fi ìda pa síkì mi láti àárọ̀. Ó ti pa á, ó ti ha á kúrò, ó ti tún un pa."

"Nítorí náà lo ṣe fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò sọ ọ́. O kàn jókòó sórí àpótí mi, ò ń gbá ògiri mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde, ó lọ. Inú bí mi, kì í ṣe sí i, sí bàbá rẹ̀ ni. Èwo ni kí ọmọ máa ro èyí lọ́kàn kí àgbàlagbà sì dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu?

Bó ṣe di ọjọ́ Àìkú, mo gbé iṣẹ́ wáfù fún ẹlòmíràn, mo mú aago eré kejì, mo ní ìbàdí ń dun Halvdan láìpẹ́ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ lókè. Mo gun òkè náà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí mi láàárín igi, inú rẹ̀ ò dùn.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá wo òkè."

"Òkè rèé."

"Mo rí i. Ó rẹwà. Bù fún mi nínú kọfí ẹ."

Ó bù ú fún mi. A dúró. Òtútù ọjọ́ náà gbẹ, yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà, kannakánná kan ń ké lórí igi. Mo wo ibi tó ti ń dúró láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ di kòtò tó ṣe wẹ́kú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sí àyè fún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ nǹkan.

"Ọmọ ẹ fẹ́ fi eré yìí sílẹ̀ nítorí ẹ."

Kò wò mí. "Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó bi mí ta ló máa bá ẹ jẹun."

Ó fi àtàǹpàkò nu ojú aago rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tó bá gbọ́ pé òun wà níwájú, á rọra."

"Á rọra. Á wá jókòó tì ẹ́ nílé. Á máa ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù, á sì máa kó òkúta sójú fèrèsé. Ṣé ohun tó wù ẹ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó lè jẹ́ òtútù.

"O bi mí," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù mí. Ilé yẹn ò ṣeé wà tí ò bá sí níbẹ̀. Mo dán an wò nígbà tó lọ sí ìpàgọ́ ìdánrawò. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níta títí ilẹ̀ fi ṣú."

Mo ti bá ọkùnrin yìí gbé abúlé kan náà láti kékeré, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹnu mi, tí kì í dúró, dúró.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ìyípo méjì ni wọ́n máa sá, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa kọjá lọ́dọ̀ wa. Runa ló kọ́kọ́ gbéra, Ingjerd tẹ̀lé e lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ìṣirò náà ò le: tí Runa bá kọjá, a ó tẹ aago, tí Ingjerd bá dé kí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó pé, ó wà níwájú. Tó bá pé kó tó dé, wọ́n ti fi í sẹ́yìn.

Ní ìyípo kìíní, Runa kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Ingjerd tẹ̀lé e. Halvdan wo aago, ó pè é: "Ẹyọ kan níwájú." Òótọ́ ni, aago tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí ojú ọmọ náà bó ṣe kọjá. Kò wo ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó fẹ́ bi í ní nǹkan, ó sì ń rọra ti ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni tó jáde gba afẹ́fẹ́.

Nígbà tí Runa padà dé ní ìyípo kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, itọ́ ti dì mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tiẹ̀ lórí òkè yẹn. Ó kígbe sí Halvdan pé, "Báwo?"

"Ẹyọ kan lẹ́yìn ní ìyípo kìíní," Halvdan dá a lóhùn. "Ó ṣì ṣeé bá."

Runa tẹ ara síwájú, ó já wọ igbó. Orí mi gbóná. "Halvdan, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ta ní kó o sọ fún un?"

"Ó bi mí."

Mo ti tẹ aago. A ń wo ìdí òkè. Kannakánná yẹn ti lọ. Lẹ́yìn náà Ingjerd yọ láàárín igi, ó ń gun òkè bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń wo aago rí i pé ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá méje ṣáájú. Méje. Láìsáré rárá. Ó lágbára ju Runa lọ ní gbogbo ọ̀nà, ó kàn ń há agbára náà mọ́wọ́ ni. Ìdajì ìyípo kan péré ló kù. Tó bá gbọ́ pé méje níwájú lòun wà, á dẹwọ́, Runa tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré lọ́hùn-ún á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀.

Mo rí Halvdan tó wo aago rẹ̀. Mo rí i tó mí sínú.

"Méje lẹ́yìn," ó pè.

Ingjerd gbé ojú sókè. Ìyàlẹ́nu ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

"Méje lẹ́yìn, Ingjerd. Ó ti ń lọ."

Mo rí nǹkan yí padà lójú ọmọ yẹn. Ẹ̀dá ò ṣeé tún dá. Ìlérí tó bá ara rẹ̀ ṣe láti rọra ò lè dúró níwájú ẹni tó fi í sẹ́yìn. Ó forí balẹ̀, ó gún ọ̀pá méjèèjì mọ́lẹ̀, yìnyín fọ́n sí wa lójú, ó sì ti lọ.

"O ṣì í kà," mo ní. "Halvdan, iwájú ló wà. Wò ó." Mo na aago tèmi sí i.

Kò wò ó. Ó ń wo ibi tí ọmọ náà gbà lọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọn imú, ó tún ìbọ̀wọ́ wọ̀, ó ní, "Àwọn yòókù ń bọ̀." Ó sì pe àsìkò fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà.

Ingjerd borí o. Ó borí débi pé Runa ò sunkún pàápàá, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ingjerd ṣubú lulẹ̀ ní ibi ìparí, ó bì sórí yìnyín, wọ́n fi aṣọ bò ó. Whitcomb bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ó ní ó dìgbà tó bá dé Amẹ́ríkà. Gbogbo èyí ni wọ́n ròyìn fún mi nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ròyìn pé nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni Ingjerd ti ń ṣáájú, ọmọ náà dìde jókòó, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó dúró de bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ahéré. Ó pẹ́. Halvdan dé lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn ti dé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo na wáfù méjì tiẹ̀ sí i, kò gbà á.

"Bàbá, méje lẹ́yìn lẹ pè."

"Òun ni mo pè."

"Iwájú ni mo wà."

"Iwájú lo wà."

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ ìda kúrò lára síkì dáwọ́ dúró. Gbogbo wa ń retí kó sọ pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, pé òtútù mú aago. Ọ̀nà àbáyọ wà níbẹ̀ gbàgede. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣí i sílẹ̀ fún un.

"Ẹ ṣì í kà ni, àbí?"

"Mi ò ṣì í kà," Halvdan ní.

Ingjerd wò ó. "Ṣé bó ṣe ń yá yín nìyẹn, kí n kúrò nílé?"

Ibẹ̀ ni kó ti sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó sọ fún mi lókè, ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ńṣe ló kó síkì ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó sì ṣíwájú lọ síbi ọkọ̀.

Bí yìnyín ṣe yọ́ nìyẹn, tí ewé tún hù, tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn méjèèjì wà nínú ilé kan bí àlejò méjì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ náà ń kó ẹrù díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé òun ò bínú mọ́, pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ó rọrùn láti fi ẹni tí kò fẹ́ ọ sílẹ̀. Mo ní kó má sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ sétígbọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ lórí òkè fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Mo lọ bá Halvdan níbi tó ti ń la igi ìdáná, mo bú u dáadáa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní mo tọ̀nà. Ó ń la igi lọ.

Ní ọjọ́ tí Ingjerd máa lọ, mo wà ní ibùdókọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo di wáfù sínú ìwé fún un. Halvdan bá a gbé àpótí wá. Ọkọ̀ dé, awakọ̀ gbé ẹrù wọlé, ó padà sídìí ọkọ̀, ó sì ń wò wá nínú díńgí. Ingjerd gbá mi mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá rẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo bàtà ara wọn.

"Ó dàbọ̀," Halvdan ní.

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Bàbá, ẹ pè é fún mi."

"Kí ni kí n pè?"

"Bó ṣe máa rí fún yín tí mo bá lọ. Ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é fún gbogbo èèyàn. Ẹ má pè é bí ẹ ṣe pè é fún mi lọ́jọ́ yẹn."

Awakọ̀ ti fẹ́ fọn fèrè, mo ranjú mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ kúrò. Halvdan bọ́ fìlà. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó ṣáà lanu.

"Ó máa burú," ó ní. "Mi ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní lè máa wo àwọn òkúta yẹn, mi ò sì ní lè kó wọn kúrò. Ojoojúmọ́ lá máa rí bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ó máa dín kù."

Omi ti ń dà lójú ọmọ náà. "Ṣé kí n dúró?"

"Rárá."

"Òótọ́ nìyẹn náà?"

"Òótọ́ ni. Mo purọ́ kan láyé mi kó o lè wọ ọkọ̀ yìí. Wọ̀ ọ́."

Ó fi iwájú orí rẹ̀ kan àyà bàbá rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀. Kò tún bi í mọ́. Ó gbà á gbọ́. Ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ odò, ó yí kọ́nà, a ò rí i mọ́.

Mo ní kí Halvdan wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi, mo ní ọ̀dùnkún wà lórí iná, mo ní kò sí ẹni tó ń lé e lọ sílé. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní ó ṣé, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun lọ sílé lọ wo bó ṣe rí.